Bí a ṣe ń gun rólà kósítà l'Ékòó láì ba ọjọ́ jẹ́

Ọkọ̀ rólà kósítà, ọkọ̀ eré tó ń gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ lórí réèlì ní ọgbà ìgbafẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò kan wà nísàlẹ̀ tó ń yí ṣéènì; ṣéènì yẹn ló ń wọ́ ọkọ̀ gun òkè àkọ́kọ́. Tó bá ti dé ṣóńṣó, ṣéènì á jọ̀wọ́ rẹ̀, ó di kí ọkọ̀ àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ máa fi ìwúwo ara wọn sáré títí bíréèkì á fi gbà á mú. Ìdí nìyí tí òkè àkọ́kọ́ fi máa ń ga ju àwọn tó tẹ̀ lé e lọ. Ìdí náà sì nìyí tí onímáṣíìnì kò fi lè dá a dúró lójú ọ̀nà nítorí pé ẹnì kan ń ké pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ wò, orí ilẹ̀ ni ẹ ti máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ lè fi ojú wọn eré rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èyí tó já wálẹ̀ láti mítà 5 kò lè sá ju nǹkan bí kìlómítà 36 lọ ní wákàtí kan. Mítà 10, tó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, á gbé e dé nǹkan bí 50. Mítà 20 á gbé e dé bí 70. Ẹ má fojú kéré 36 yẹn o. Dánfó tó ń sá 36 kì í yára lójú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n dánfó kì í já sínú ọ̀gbun kó tún yà sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà (àfi ní àwọn àdúgbò kan). Àwọn òmìrán wà lókè òkun: Formula Rossa ní Abu Dhabi ń sá kìlómítà 240 ní wákàtí kan, wọ́n sì máa ń fún èrò ní gíláàsì tó bo ojú. Tiwa kéré sí ìyẹn fíìfíì, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Èyí tí LaMarcus Thompson ṣe sí Coney Island ní Amẹ́ríkà ní 1884 kò sá ju nǹkan bí kìlómítà 10 lọ, síbẹ̀ àwọn èèyàn tò, wọ́n ń san sẹ́ǹtì 5 láti gùn ún.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ pe ọgbà ìgbafẹ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé ẹ ti ṣí?”, nítorí géètì lè wà ní ṣíṣí kí rólà kósítà wà ní títì. Ẹ bi wọ́n pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé rólà kósítà ń ṣiṣẹ́ lónìí? Ṣé ó ń gbé àgbà, àbí ọmọdé nìkan? Ṣé owó géètì ti kó o mọ́ra, àbí ọ̀tọ̀ la máa san?” Bí wọ́n bá ń ta báńdì ọrùn ọwọ́ tó ń jẹ́ kí ẹ gun ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ béèrè àwọn ẹ̀rọ tí kò sí lórí rẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé èyí tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá gan-an ni wọ́n yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìṣirò kékeré: bí owó báńdì bá tó owó ẹ̀rọ márùn-ún, tí ẹ sì mọ̀ pé ikùn yín kò lè gbà ju mẹ́ta lọ, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú owó pépà dání. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ ni POS máa ń sọ pé kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ọjọ́ yẹn náà ni àlátì kì í tètè dé sórí fóònù akọ̀wé owó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, nígbà tí iléèwé wọlé, ló rọrùn jù. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn lẹ máa fi gbogbo ọ̀sán wò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èrò kò pọ̀ náà ní tirẹ̀: wọ́n lè ní kí ẹ dúró kí ọkọ̀ kún díẹ̀. Kì í ṣe owó dísẹ́ẹ̀lì nìkan ni wọ́n ń rò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dísẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ ṣá. Ọkọ̀ tó ṣófo fúyẹ́. Bí atẹ́gùn bá dojú kọ ọ́, tàbí tí gírísì ṣì tutù láàárọ̀, agbára rẹ̀ lè má tó láti gun òkè kejì. Á wá máa lọ síwájú sẹ́yìn nínú ọ̀gbun títí á fi dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé àpò iyanrìn sórí ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń dán ọkọ̀ wò. Gírísì yìí kan náà ló fà á tí rólà kósítà fi máa ń yára ní aago 2 ọ̀sán ju aago 10 àárọ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó ń bẹ̀rù, àárọ̀ ni kó gùn ún.

Ní ti ọ̀nà: ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkẹjà sí ọgbà ìgbafẹ́ ní Lẹ́kí ní Sátidé, kó ti kọjá afárá Third Mainland kí aago 9 tó lù. Ẹni tí kò fẹ́ wa mọ́tò lè wọ reluwé, Red Line láti Agbádó sí Òyìngbò, Blue Line láti Mile 2 sí Marina, kó tó wá bọ́ọ̀sì. Káàdì Cowry ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì ti kó owó sórí rẹ̀ láti alẹ́ àná.

Ẹ wọn ọmọ nílé, kó má lọ sunkún lẹ́nu géètì. Téèpù télọ̀ ti tó, sẹ̀ǹtímítà 150 ni gígùn rẹ̀. Kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ àti ìpàkọ́ kan ògiri. Ẹ gbé ìwé líle lé e lórí kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì, kẹ́ ẹ wá wọn àmì náà láti ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 90 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwọn ọmọ kéékèèké máa ń béèrè. Àwọn tó le sí i máa ń béèrè nǹkan bí 107, 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun sùkú kì í ṣe gíga. Màmá tó bá di sùkú ọmọ sókè kó lè bá ìlà dọ́gba ti rí òṣìṣẹ́ tàn jẹ, ṣùgbọ́n irin tó máa di itan ọmọ mú kò mọ sùkú.

Aṣọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ṣòkòtò tó bá ara mu, bàtà tó ní okùn. Sílípáàsì á fò lọ, wíìgì náà á tẹ̀ lé e. Ìborùn àti ìpèlé ni kẹ́ ẹ kíyè sí jù, nítorí aṣọ tó bá ń fẹ́ lè wọ abẹ́ táyà. Ẹni tó wọ híjáàbù, kó pín in, kó sì ki etí rẹ̀ bọ inú aṣọ.

Ikùn òfìfo burú bí ikùn tó yó bámúbámú. Ẹ jẹun ní nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú: búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin, tàbí ògì àti àkàrà méjì. Ẹ̀wà àgọ̀yìn, àmàlà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Omi ni kẹ́ ẹ máa mu, píọ̀ wọ́tà kan láàárín wákàtí kan bí oòrùn bá mú. Orí fífọ́ tí àwọn èèyàn ń dì ru rólà kósítà, òùngbẹ lè wà lára ohun tó fà á. Ẹni tí èébì máa ń gbé nínú mọ́tò, kó jẹ atalẹ̀ díẹ̀. Egbòogi èébì ọkọ̀ wà ní kẹ́mísì, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti wọ ara kẹ́ ẹ tó gun ẹ̀rọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí òòyì bá ti dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mú oorun wá, nítorí náà kí ẹni tó máa wa yín padà sílé má fẹnu kàn án.

Aláboyún kì í gùn ún rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tó ní wárápá. Ẹni tó jẹ́ SS, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òùngbẹ àti òtútù wà lára ohun tó ń fa kíráísìsì, nítorí náà èyí tó léwu fún un nínú ọgbà lè jẹ́ ẹ̀rọ olómi tó ń da omi tútù síni lára lásìkò ọyẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀rọ

Ẹ má tíì tò. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wo ọkọ̀ náà yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀. Kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́ tó ń dún bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè kì í ṣe àìsàn. Irin kékeré kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń bọ́ sínú eyín irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì, eyín kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ṣéènì bá já, tàbí tí iná lọ, irin yẹn á há sínú eyín tó kàn, ọkọ̀ kò ní yọ̀ padà sẹ́yìn. Ìró tó yẹ kó dá yín dúró ni ti irin tó ń ha irin gooro ní kọ́nà kan ṣoṣo, tàbí gbì! kan tó ń dún ní ojú kan náà nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá kọjá. Táyà ló ti jẹ tán, tàbí ojú ibi tí réèlì ti pàdé ara wọn kò dọ́gba mọ́.

Táyà náà kì í ṣe orí réèlì nìkan ló wà. Ọ̀kan ń sá lórí rẹ̀, ọ̀kan gbá a mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan sì fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ti abẹ́ yìí ni John Miller, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe rólà kósítà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1919. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fò kúrò lójú irin nígbà tó bá gun orí òkè. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró fún èrò láti sọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Táyà tó ti là, tàbí tí rọ́bà ara rẹ̀ ń bó, ẹ ó rí i láìlo gíláàsì.

Ìpẹtà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ òkun Èkó kì í dá irin kankan sí, nítorí náà ìpẹtà díẹ̀ lára ọgbà tàbí àtẹ̀gùn kò tó ohun tí à ń sá fún. Ìdí òpó níbi tó ti wọ inú kọnkéré, àti ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀, ni kẹ́ ẹ wò. Bí ìpẹtà bá ti ń ṣí níbẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà, ẹ lọ gun nǹkan mìíràn. Ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn lé èèpo ìpẹtà burú ju ìpẹtà lásán lọ, nítorí ẹnì kan ti rí i, ó sì yàn láti bò ó. Ẹ wo nọ́ọ̀tì náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú ẹ̀rọ dáadáa, wọ́n máa ń fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó dè. Bí nọ́ọ̀tì bá tú díẹ̀, ìlà náà á ṣẹ́. Ìlà tó ṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ kì í ṣe èèṣì.

Lẹ́yìn irin, ẹ wo èèyàn. Ó kéré tán, kí ẹnì kan wà nídìí bọ́tìnnì, kí ẹlòmíràn máa yẹ èrò wò. Ẹni tó ń yẹ èrò wò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ irin ìjókòó kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kó sì tún gbé e sókè. Bó bá ń fojú lásán wò ó kọjá, tàbí tó ń tẹ fóònù, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè é. Ẹ lè bi í pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti sá a lófìfo láàárọ̀ yìí?” Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú, á sọ fún yín pé àwọn ti sá a, á tilẹ̀ sọ iye ìgbà. Okùn, wáyà tàbí sẹ́lótéèpù lára ohun tó ń di èèyàn mú kò gba ìbéèrè kankan. Ẹ yà kúrò.

Irin itan

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ibí yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ èrò kì í ti í fara balẹ̀.

Kí irin itan, èyí tó ń di èèyàn mú sórí ìjókòó, tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ jókòó kí ìdí yín kan ẹ̀yìn ìjókòó pátápátá. Ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó wà lórí àga ọlọ́lá, orí ikùn ni irin máa dúró lé fún un, bí ọkọ̀ bá já, ikùn ni yóò san án. Ìsàlẹ̀ ikùn, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, ni ààyè irin yẹn. Ẹ yọ báàgì ìbàdí àti fóònù inú àpò kúrò: ìwọ̀n ìka méjì péré tí fóònù bá gbé irin sókè ti tó fún ara láti kúrò lórí ìjókòó. Ẹ má fi ikùn wú kí irin má baà fún yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi dún “kà”, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè. Bó bá mì díẹ̀, kò burú. Bó bá gbéra, ẹ kígbe kí ọkọ̀ tó lọ, nítorí ẹ ti mọ̀ pé lẹ́yìn ṣéènì kò sí ìdádúró.

Ewu tí àwọn òbí kì í rí ni irin kan ṣoṣo tó di ẹni méjì mú. Dádì jókòó, ikùn dádì tóbi, irin sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lórí dádì. Ọmọ ọdún méje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá ní àlàfo tó tó orí rẹ̀ láàárín itan àti irin. Dádì rò pé òun ń dáàbò bo ọmọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló gbé irin sókè kúrò lára rẹ̀. Kí ọmọ jókòó pẹ̀lú ẹni tí ìtóbi wọn bá dọ́gba, bí ọmọ bá ti ga tó ìwọ̀n tí wọ́n kọ. Bí òfin ẹ̀rọ náà bá sọ pé àgbà gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú ẹbí bá a jókòó. Fífi apá gbá ọmọ mọ́ra kò rọ́pò irin.

Lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń yípo, níbi tí ẹni méjì ti jókòó pọ̀ láìsí ohun tó là wọ́n láàárín, ẹni tó wúwo ni kó wà níta, ọmọ kó wà nínú. Bí ẹ̀rọ bá ń yí, ara máa ń rọ́ síta. Bí ẹ bá ṣe é lódìkejì, ẹ ó tẹ ọmọ mọ́ ògiri ọkọ̀ títí orin á fi tán.

Iwájú, àárín àbí ẹ̀yìn?

Àárín ló wà fún ẹni tó ń gùn ún fún ìgbà àkọ́kọ́. Iwájú fún ẹni tó fẹ́ ríran: ọkọ̀ á yọ orí jáde lórí òkè, á sì rọra wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń gòkè, wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ló le jù. Kí ìjókòó ìkẹyìn tó dé ṣóńṣó òkè, àwọn tó wà níwájú ti ń já, wọ́n á fà á kọjá orí òkè pẹ̀lú eré, ìdí á sì gbéra lórí ìjókòó. Ẹni tí kò fẹ́ kí ara òun gbọ̀n púpọ̀, kó sá fún ìjókòó tó wà lórí táyà gan-an. Ibẹ̀ ló máa ń gbọ̀n jù.

Nígbà tí ẹ bá wà lórí rẹ̀, ẹ gbé orí lé ẹ̀yìn ìjókòó, ẹ pa eyín pọ̀ kí ahọ́n má há sáàárín, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kékeré máa ń já ọrùn ní kọ́nà ju àwọn ńlá lọ, nítorí kọ́nà wọn há. Ẹ máa wo réèlì tó wà níwájú kí ọrùn lè mọ ibi tó ń lọ. Ẹ má dijú. Omi kan wà nínú etí tó ń sọ fún ọpọlọ bí ara ṣe ń yí. Bí ojú bá ti wà ní dídì, ọpọlọ kò rí ohun tó máa jẹ́rìí ọ̀rọ̀ etí, ikùn ló sì máa san gbèsè náà. Bí ọkọ̀ bá ń já, ẹ mí síta. Igbe náà ń ṣiṣẹ́ yìí kan náà, ẹ má tijú.

Fóònù tó bá bọ́, ó ti bọ́. Ẹ má gun ọgbà wọ abẹ́ réèlì láti mú un. Àwọn èèyàn ti kú báyìí ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ lókè òkun nítorí fìlà lásán. Òṣìṣẹ́ ló máa bá yín mú un nígbà tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ.

Bí NEPA bá mú iná lọ

Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ wà lórí òkè àkọ́kọ́, ṣéènì á dúró, irin kẹ́-kẹ́-kẹ́ á dì í mú, ẹ ó sì wà lókè níbẹ̀. Bó bá ti kọjá òkè, kò ní mọ̀ pé iná lọ. Á parí ìrìn rẹ̀. Ní ti bíréèkì, ọ̀pọ̀ ló ń lo afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bíi ti tírélà Apápá: bí afẹ́fẹ́ bá tán, ńṣe ni bíréèkì ń dì, kì í tú. Nítorí náà iná tó lọ kò léwu tó ẹni tó bá gbìyànjú láti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan irin itan, ẹ má dìde. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti gbà, ṣéènì lè tún fà láìròtẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti yọ ẹsẹ̀ kan síta ló máa fara gbá a. Ẹ dúró kí òṣìṣẹ́ gun àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ wá tú yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òjò náà ní òfin tirẹ̀. Réèlì tó tutù máa ń dín agbára bíréèkì kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ. Bí àrá bá ń sán tí wọ́n ṣì ń gbé èrò, ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì yín pamọ́.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Rólà kósítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gùn, nígbà tí ìlà kò tíì gùn. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ẹ̀rọ kan sí èkejì. Ẹ̀rọ tó ń yípo bí okòtó ń mú èébì wá ju rólà kósítà lọ, ẹ fi í sí ìkẹyìn, kó má tẹ̀ lé oúnjẹ ọ̀sán. Láàárín aago 12 sí 3, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin itan kẹ́ ẹ tó jókòó. Oòrùn lè mú un gbóná tó láti jó ọmọ. Awakọ̀ yín gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ gígùn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá sì lọ ní ọjọ́ Àìkú, ẹ kúrò ní Lẹ́kí kí aago 4 tó lù, kí àwọn tó ń bọ̀ láti etíkun tó kún ojú ọ̀nà.

Òòyì tó bá lọ láàárín ogún ìṣẹ́jú kì í ṣe nǹkan. Orí fífọ́ tó ń le sí i, èébì tí kò dáwọ́ dúró, apá tó kú tipiri, tàbí ọrùn tí kò ṣeé yí, iléèwòsàn ni. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112.

Kẹ́ ẹ tó jáde ní géètì, bó bá jẹ́ pé orí káàdì eré ni ẹ kó owó ẹ̀rọ sí, ẹ bi wọ́n ní iye tó kù lórí rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa kú. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí káàdì máa ń sọnù nínú mọ́tò.